Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kó Erékùṣù Kan Yọ: Simeulue, 2004

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004. Aago mẹ́jọ kò tíì lù tán tí ilẹ̀ fi mì lábẹ́ òkun, lápá ìwọ̀ oòrùn Sumatra, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Ìwọ̀n ìmìtìtì náà jẹ́ 9.1. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé, erékùṣù Simeulue ló sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ.

Langi ni abúlé tó wà ní ìpẹ̀kun àríwá erékùṣù yìí. Láti ibi tí ilẹ̀ ti kọ́kọ́ ya dé ọ̀dọ̀ wọn kò ju nǹkan bí kìlómítà 40 lọ. Ilẹ̀ dákẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé, omi dé. Ìgbì tó dé náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní súnámì, ga tó mítà 10 sí 15. Ilé alájà mẹ́ta ni yóò bò mọ́lẹ̀ tòrùlétòrùlé. Ó gbá Langi lọ. Nígbà tí omi fà tán, ìpìlẹ̀ ilé nìkan ló kù nílẹ̀.

Ẹgbẹ̀rin (800) ènìyàn tàbí kó sún mọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé abúlé náà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bá omi lọ nínú wọn.

Ní gbogbo Simeulue, níbi tí nǹkan bí 78,000 ènìyàn ń gbé, àwọn méje ló kú. Ní Aceh tó kọjú sí wọn, lórí ilẹ̀ Sumatra gangan, òkú àti àwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 160,000. Tí a bá wá ka gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá tí omi náà kàn pọ̀, títí dé Sòmálíà níbi tí ó ti gbà á ní nǹkan bí wákàtí méje kó tó dé, wọ́n á tó 230,000.

Méje yẹn ló gbé mi dé ìdí àkọsílẹ̀ yìí. Kò sí fèrè ìkìlọ̀ kankan ní Simeulue. Kò sí ètò kankan lórí òkun Íńdíà nígbà náà tó lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé omi ń bọ̀. Ẹ̀yìn àjálù yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fóònù wọn. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ kan: smong.

Ọdún 1907

Smong jẹ́ ọ̀rọ̀ inú èdè Devayan, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọ́n ń sọ lórí erékùṣù náà. Tí ẹ bá ní kí n túmọ̀ rẹ̀, màá ní “àkúnya òkun”, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yẹn kò kún. Ohun tí ará Simeulue ń gbọ́ nínú rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilẹ̀ ti mì gan-an, òkun ti fà sẹ́yìn, omi ń padà bọ̀, sá gun òkè. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá ti ké e kò tún ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1907 ni wọ́n ra ọ̀rọ̀ náà, owó ńlá sì ni wọ́n san lé e. Ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún yẹn, nígbà tí àwọn ará Nẹ́dálándì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀, ilẹ̀ mì, òkun sì fà lọ jìnnà. Ẹja wà nílẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn, wọ́n ń ta, wọ́n ń jà. Apẹja ni púpọ̀ nínú wọn níbẹ̀. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ wọ́ àwọ̀n kiri lójú agbami, tó wá rí ẹja nílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kó o fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣà á. Ibẹ̀ ni omi bá wọn. Mi ò lè bú wọn o. Èmi náà ì bá gbé agbọ̀n.

Àwọn tó ṣẹ́kù sin òkú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Ohun tí Simeulue fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n ní àṣà ìtàn sísọ tí wọ́n ń pè ní nafi-nafi, wọ́n ní orin tí wọ́n ń pè ní nandong. Smong wọ inú méjèèjì. Ó wà nínú ohun tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó wà nínú ohun tí àgbàlagbà ń sọ fún ọ̀dọ́. Tí ilẹ̀ bá sì mì díẹ̀, ìtàn náà tún jáde nìyẹn, ilẹ̀ sì máa ń mì níbẹ̀ lemọ́lemọ́. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rán wọn létí.

Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe kó ìtàn yẹn mọ níwọ̀n. Wọn ò fi ṣe ìtàn òrìṣà tó ń bínú tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìlú dá. Bóyá àwọn kan fi irú ìyẹn kún un nínú ilé wọn, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò yẹ̀: mímì, fífà, sísá. Má dúró kó ẹrù. Má sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣa ẹja. Ọmọ ọdún márùn-ún lè mọ̀ ọ́n lórí.

Wọ́n ní ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ti Simeulue ju ìyẹn lọ: baba ńlá ni ejò bù jẹ, ọmọ-ọmọ ló ń sá.

Òwúrọ̀ yẹn

Mímì ọjọ́ náà kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn á máa bi ẹnì kejì rẹ̀ pé ṣé ilẹ̀ ló mì àbí òòyì ló ń kọ́ mi. Ilẹ̀ tó ya lábẹ́ òkun gùn ju kìlómítà 1,200 lọ, yíyà náà sì gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó dé òpin rẹ̀ lápá àríwá. Ní Simeulue, ó le, ó sì pẹ́.

Nígbà tó dákẹ́, ojú àwọn ará etí òkun lọ sí ibì kan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti yà sọ́tọ̀ sí ti ibòmíràn. Nínú wa, ẹni tí ilẹ̀ bá mì mọ́ nílé, ohun àkọ́kọ́ tí yóò wò ni ògiri: ṣé ó là, ṣé òrùlé ṣì dúró. Omi ni tiwọn wò. Omi náà ti ń fà. Àpáta iyùn abẹ́ omi, tí kì í yọrí síta kódà nígbà tí òkun bá lọ sílẹ̀ jù, ti wà níta, ó ń kán tótó, ẹja há sínú kòtò kéékèèké rẹ̀.

Ni igbe bá ta: Smong! Smong! Ẹni tó gbọ́ ọ gbà á, ó sọ ọ́ síwájú. Wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n fa arúgbó lọ́wọ́, wọ́n kọrí sí òkè.

Òkè wà nítòsí, ẹ jẹ́ n sọ èyí kó yé wa, torí àwọn tó ń sọ ìtàn Simeulue bí ẹni ń sọ iṣẹ́ ìyanu kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ abúlé wọn ni òkè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà lè ti ga kọjá omi kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ní Banda Aceh, olú ìlú Aceh, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Omi wọ inú ìlú ju kìlómítà mẹ́ta lọ láwọn ibì kan. Kódà ká ní gbogbo ará Banda Aceh mọ smong dunjú, ọ̀pọ̀ wọn ò bá má ráyè. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ì bá yè, nítorí àwọn ní àkókò ju Langi lọ: ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ìgbà tí ilẹ̀ mì àti ìgbà tí omi dé.

Àmì kan náà

Kí ni wọ́n fi ìṣẹ́jú yẹn ṣe? Wọ́n jáde síta, torí ẹ̀rù kí ilé má wó lù wọ́n, ohun tó sì tọ́ láti ṣe nìyẹn tí ilẹ̀ bá mì. Wọ́n jókòó sí gbangba, wọ́n ń ka àwọn ará ilé wọn, wọ́n ń wo ilé tó wó. Àwọn kan lọ sétí òkun lọ wò ó nígbà tí wọ́n gbọ́ pé omi ti fà. Àwọn kan ṣa ẹja. Ọdún 1907 ló tún padà wá, lójú àwọn tí kò gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé èdè Aceh ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un: ie beuna. Àwọn ará ìjelòó wọn ti rí irú omi yìí, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2004 ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ mọ́. Orúkọ wà nínú èdè, kò sí lẹ́nu.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ń sọ pé òkun ṣe ìkìlọ̀ fún Simeulue, ara mi kì í gbà á. Òkun kò ṣe ojúsàájú. Ó ṣe ohun kan náà níwájú gbogbo wọn, ní Langi, ní Banda Aceh, ní etíkun Thailand níbi tí àwọn àlejò ti rìn wọ inú òkun tó gbẹ, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹni tí kò ní orúkọ fún ohun tó ń rí, ìran ni yóò máa wò.

Ní Thailand yìí kan náà, àwọn ará Moken tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi àti lórí erékùṣù Surin ní ìtàn tiwọn nípa ìgbì tí ń jẹ ènìyàn, laboon ni wọ́n ń pè é. Àwọn náà sá gun òkè. Ní etíkun Maikhao ní Phuket, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tilly Smith, ló pariwo fún àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n kọ́ wọn nípa rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì. Wọ́n kó àwọn ènìyàn kúrò ní etíkun náà, kò sì sẹ́ni tó kú níbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe yàtọ̀: ọ̀kan gbọ́ ọ látẹnu ìyá àgbà, ọ̀kan gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà. Nígbà tí òkun yí padà, ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀ kò yàtọ̀.

Àmì tí Tilly rí tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Omi ń wọlé, kò sì padà lọ bí ìgbì ṣe máa ń ṣe. Ó ń hó, ìfófòó bò ó lójú. Èyí ṣe pàtàkì fún ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀.

Ìdí tí òkun fi ń fà

Ilẹ̀ ayé kì í ṣe odindi. Awẹ́ awẹ́ ni, awẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń rìn, díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù. Lápá ìwọ̀ oòrùn Sumatra, awẹ́ tó wà lábẹ́ òkun Íńdíà ń rá wọ abẹ́ èyí tó gbé Sumatra. Wọn kì í yọ́ kọjá ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n á há mọ́ra. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á máa wọ́ etí èyí tó wà lókè lọ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa wú. Ó lè tó ọgọ́rùn-ún ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ìhá náà bá já, etí tó ti tẹ̀ á ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn tó ti wú á sì rì.

Omi orí rẹ̀ ńkọ́? Níbi tí ilẹ̀ ta sókè, omi wú. Níbi tí ilẹ̀ ti rì, omi tẹ̀ sílẹ̀. Apá tó tẹ̀ yìí ló kọjú sí Sumatra àti Thailand, òun ló sì kọ́kọ́ dé èbúté wọn, ìdí nìyẹn tí òkun fi fà kó tó ya. Apá tó wú ló kọjú sí Sri Lanka àti Íńdíà. Ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́hùn-ún, omi kò kọ́kọ́ fà rárá. Ó kàn ga ni, ó sì wọlé.

Lójú agbami, níbi tí omi jìn tó mítà 4,000, irú ìgbì yìí ń sáré tó kìlómítà 700 ní wákàtí kan, bí bàálù, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lè má mọ̀ pé ó kọjá lábẹ́ òun. Tó bá dé ibi tí omi ò jìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo, ẹ̀yìn á bá iwájú, á sì ga. Ìdí nìyẹn tí kò fi jọ ìgbì ojoojúmọ́ tó ń fọ́ létí òkun. Ó máa ń dà bí ẹni pé òkun gan-an ló gbéra, ó sì lè máa wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó padà. Ẹni tó bá sì rò pé ó ti parí, èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ibi púpọ̀ lọ́jọ́ náà, ìgbì kejì tàbí ìkẹta ló burú jù, àwọn tó sì sọ̀ kalẹ̀ wá ẹrù tàbí ènìyàn wọn lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ni ó gbé.

Ohun kan wà ní Simeulue tí mi ò gbàgbé láti ìgbà tí mo ti kà nípa rẹ̀. Àríwá erékùṣù náà gbéra sókè lọ́jọ́ 26 yẹn, tó mítà kan àti ààbọ̀ láwọn ibì kan. Àpáta iyùn tó jáde síta níbẹ̀ kò padà sábẹ́ omi mọ́. Ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn inú òkun, kì í lè gbé inú afẹ́fẹ́. Apá tó yọrí kú, apá tó kù nínú omi yè, ìlà tó pín wọn sì hàn gbangba bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Àwọn onímọ̀ ń fi rúlà àdáyébá yìí wọn iye tí ilẹ̀ fi gbéra. Wọ́n tún lè ka ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn lára rẹ̀, torí iyùn ń dàgbà ní òrùka òrùka bí igi.

Ibi tí àmì ti ń tanni jẹ

Ká ní mo dá ọ̀rọ̀ dúró sí Simeulue, màá ti pa irọ́ fún yín. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí tó wá di ẹni tó ń dúró de òkun kó fà kó tó sá, ìtàn náà ti pa á lára. Ará Sri Lanka tó bá dúró de fífà, ní ọ̀pọ̀ ibi, ì bá dúró títí omi fi gbé e.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2010, ilẹ̀ mì lẹ́bàá erékùṣù Mentawai, ní gúúsù Simeulue, lórí ìlà kan náà tí awẹ́ ilẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.8. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ya pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó mì lọ́nà ẹlẹ́sọ̀ọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń mi ọmọ lórí ìtẹ́, ó kàn pẹ́ ni. Alẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ pé mímì líle ni ti súnámì kò rí mímì líle, wọ́n sì dúró sílé. Ó ju 400 lọ tó kú. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ “líle” nìkan kò tó. Gígùn ni kí ẹ máa kà. Tó bá ti lé ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, tí ẹ sì wà létí òkun, ẹ má dúró wo nǹkan mìíràn, kódà kó jẹ́ mímì tí ife omi orí tábìlì kò dà nù sí.

Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2018 tún burú ju ìyẹn. Anak Krakatau, òkè tó ń yọná láàárín Java àti Sumatra, ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ya lulẹ̀ sínú òkun ní alẹ́. Kò sí ìmìtìtì ilẹ̀ tí ènìyàn létíkun lè fura sí. Omi kàn dé. Àwọn tó kú lé ní 400. Smong kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn, torí ohun àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, mímì, kò ṣẹlẹ̀. Ohun tó kù fún irú ìyẹn ni etí: àwọn tó yè ní ọ̀pọ̀ ibi tí súnámì ti jà sọ pé ó ń ró, bí bàálù tàbí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀. Àti òkè náà fúnra rẹ̀, tó ti ń yọná láti oṣù bíi mélòó kan ṣáájú lójú gbogbo ayé.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2012, ilẹ̀ mì ní 8.6 ní òkun Íńdíà kan náà. Ó le, ó gùn. Banda Aceh, tó ti kọ́gbọ́n, tú jáde. Ọkọ̀ àti alùpùpù di ọ̀nà pa. Omi ńlá kò wá. Lọ́jọ́ náà, awẹ́ ilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ara wọn ni, kò sí èyí tó ta sókè. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Simeulue fúnra rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2002: ilẹ̀ mì gidi, smong kò tẹ̀lé e. Sísá lásán wà nínú owó tí ènìyàn ń san. Ẹni tí ojú bá ń tì pé òun sá ní àná láìsí nǹkan, ní ọ̀la yóò dúró.

Ẹ jẹ́ n fi ti ẹranko kún un, torí wọ́n á bi mí. Ẹ ti gbọ́ ọ pé erin mọ̀, pé wọ́n sá gun òkè kí omi tó dé. Ó lè jẹ́ òótọ́ níbì kan. Ṣùgbọ́n ní gúúsù Sri Lanka, àwọn olùwádìí ti so ẹ̀rọ mọ́ erin méjì lọ́rùn kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n wò ó lẹ́yìn náà, wọn ò rí i pé erin wọ̀nyí sá fún ohunkóhun. Èmi ò ní fi ẹ̀mí mi dúró lórí ajá tó ń gbó tàbí ẹyẹ tó fò. Tí wọ́n bá sá, ẹ tẹ̀lé wọn. Tí wọn ò bá sá, ẹ má fi wọ́n ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀yìn rẹ̀

Lọ́dún 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún àwọn ará Simeulue ní ẹ̀bùn Sasakawa, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó bá dín ewu àjálù kù. Ó tọ́ sí wọn. Láti ọdún 2011 ni ètò ìkìlọ̀ òkun Íńdíà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó léfòó lójú agbami àti ọ́fíìsì tó ń wò ó tọ̀sán-tòru. Mo dúpẹ́ fún un. Ẹ kàn rántí Langi: ìṣẹ́jú tí kò tó mẹ́wàá. Kí ẹnì kan tó rí i lójú kọ̀ǹpútà, kó pe ẹnì kejì, kí ẹnì kejì gbé e lọ sí rédíò, omi ti dé ibẹ̀. Fún Sòmálíà tó ní wákàtí méje, ẹ̀rọ ni ọba. Fún àwọn tó ń gbé lórí ìlà gan-an, ilẹ̀ tó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni fèrè.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2005, ilẹ̀ tún mì láàárín Simeulue àti Nias, 8.6. Nias ló jẹ ìyà rẹ̀ jù, ilé wó lu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Simeulue náà, ilé wó. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Òkùnkùn bolẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí òkun débi tí yóò mọ̀ bóyá ó ń fà tàbí kò fà. Wọn ò dúró mọ̀ ọ́n. Wọ́n gun òkè. Omi tó wá lálẹ́ yẹn kò ga bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, gúúsù erékùṣù náà ló gbéra sókè lọ́tẹ̀ yìí, tí àpáta iyùn ibẹ̀ sì wà níta, tí oòrùn ń pa á.